Iṣẹ́ Òru Òtútù, Ọ̀sán La Ti Ń Ṣe É: Ìtọ́jú Ọ́kíìdì Nígbà Òtútù ní Gúúsù Fulọ́rídà

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò àyájọ́ ẹgbẹ́ wa tòní kọ̀wé sí mi, wọn kò ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹwà òdòdó. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ohun tí èèyàn máa ṣe kí ọ́kíìdì rẹ̀ má bàa kú nígbà tí òtútù bá dé lóru. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, nítorí ìbéèrè ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ tí kò sì fẹ́ kó bàjẹ́ ni. Mo mọ̀ pé nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn kan ní ọ́kíìdì tí ọmọ wọn fi ta wọ́n lọ́rẹ ní ọjọ́ ìyá. Àwọn kan so ó mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń tà á. Gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ òru òtútù, ọ̀sán la ti ń ṣe é. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òtútù tó ń pa ọ́kíìdì ní ìpínlẹ̀ yìí kì í yọ́ wọlé. Tẹlifíṣọ̀n á ti kéde rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ṣáájú. Ẹni tó bá dúró di aago méjì òru kó tó máa wá aṣọ tí yóò fi bo òdòdó ti pẹ́ jù.

Ibi tí ọ́kíìdì ti wá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá fẹ́ mọ irú òtútù tí ọ́kíìdì kan lè fara dà, ibi tí ìran rẹ̀ ti hù la ó kọ́kọ́ bèèrè. Oríṣi ọ́kíìdì tí àwọn onímọ̀ ewéko ti mọ̀ lágbàáyé tó nǹkan bí 28,000. Wọ́n wà ní ibi púpọ̀, títí kan ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, ṣùgbọ́n inú igbó ilẹ̀ olóoru ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, lórí ẹ̀ka igi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n mọ́ àfòmọ́. Àfòmọ́ a máa gún igi, a sì máa mu nínú omi ara rẹ̀. Ọ́kíìdì kì í jẹ igi tó gbé e, ó kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Òjò, ìrì àti ewé jíjẹrà tó bá kó sí i lẹ́sẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò rẹ̀ fi funfun tó sì nípọn bẹ́ẹ̀: ara gbòǹgbò yẹn ní awọ kan tó ń fa omi mu ní kété tí òjò bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ èrè fún un nínú igbó ló di ìyà rẹ̀ nígbà òtútù. Iṣu ní ebè tó bò ó, ọ̀dùnkún ní ilẹ̀ tó sá sí. Ọ́kíìdì wà ní gbangba, tòun ti gbòǹgbò.

A ní wọn nílé pẹ̀lú. Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí kò ṣe àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tó tò sí i lára, ń hù lórí igi ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Fàníílà tí ẹ ń fi sí kéèkì, ọ́kíìdì ni òun náà. Mẹ́síkò ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gbé e dé erékùṣù Réunion, ó ń tanná ṣùgbọ́n kì í so dáadáa, torí kò sí kòkòrò tó ń bá a gbé àtíkè rẹ̀ kiri níbẹ̀. Ní ọdún 1841, ọmọ ọdún méjìlá kan tó jẹ́ ẹrú lóko níbẹ̀, Edmond Albius ni orúkọ rẹ̀, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kòkòrò yẹn, fàníílà sì so. Ọ̀nà tí ọmọ dúdú yìí là ni àwọn àgbẹ̀ fàníílà ṣì ń tọ̀ lónìí. Mo dúró sọ ìtàn yìí nítorí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé ọ́kíìdì kì í ṣe nǹkan tiwa, pé nǹkan ìgbádùn òyìnbó olówó ni. Irọ́ ni. Ọwọ́ wa wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra, nítorí ìka kò dọ́gba. Fahrenheit ni gbogbo òǹkà tí mo máa pè, torí òun ni a ń lò níbí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wa ni Phalaenopsis, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ to ara wọn lórí ọ̀pá. Òun àti Vanda, tí a máa ń fi sínú apẹ̀rẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ á wá já bọ́lẹ̀ jọlọ, ilẹ̀ olóoru Éṣíà ni wọ́n ti wá. Tí òru bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 60, tó jẹ́ bíi 15 ní òǹkà Celsius, kí ọkàn wa ti wà lára wọn. Cattleya àti Oncidium le díẹ̀ jù wọ́n lọ, 55 ni tiwọn, wọ́n sì lè fara da òru kan tàbí méjì tó kéré sí i bí ara wọn bá gbẹ. Cymbidium ni akọni láàárín wọn. Ẹsẹ̀ òkè Himalaya ni púpọ̀ nínú ìran rẹ̀ ti wá, ó lè dúró níta títí tí òru á fi sún mọ́ 35. Kódà, bí òtútù kò bá mú un, kò ní tanná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Miami fi ń tọ́ Cymbidium fún ọdún púpọ̀ tó jẹ́ pé ewé nìkan ló ń fún wọn.

Nínú Dendrobium, ẹ ṣọ́ra gidigidi, torí ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Àwọn kan láti Ọsirélíà àti New Guinea a máa wọ́ ewé sílẹ̀ bí òru bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 55. Àwọn kan tó jẹ́ ìran Dendrobium nobile sì ń fẹ́ òtútù, wọ́n ń fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n tó lè tanná. Ẹ béèrè orúkọ kí ẹ tó sanwó. Bí orúkọ bá wà lára pátákó kékeré tó wà nínú ìkòkò, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń yọ ọ́ nítorí pé kò wuyì lójú, ó sì ń dùn mí, torí òun ni ìwé ẹ̀rí ibi tí ẹ ó gbé òdòdó yẹn sí lálẹ́ òtútù.

Òtútù kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo o. Phalaenopsis yẹn gan-an, tí mo ní kí ẹ máa ṣọ́, òru tó rọ̀ díẹ̀ ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ló máa ń jẹ́ kó yọ ọ̀pá òdòdó. Ẹ fi í síta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òru bá wà láàárín 60 sí 65, kí ẹ wá gbé e wọlé kó tó lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tì í mọ́ inú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí á máa bi mí pé kí ló dé tí òdòdó òun kò tanná mọ́.

Òtútù tó ń wá bá wa níbí

Ẹni tó bá ní òtútù kì í mú ní Fulọ́rídà kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1894 sí 1895, òtútù líle wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì, ó sì pa oko ọsàn ìpínlẹ̀ yìí run. Olówó rélùwéè kan wà nígbà náà, Henry Flagler. Ìtàn tí àwọn ará Miami máa ń sọ ni pé obìnrin tó ni ilẹ̀ níbí, Julia Tuttle, fi òdòdó ọsàn ránṣẹ́ sí i kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òtútù kò pa ti ọ̀dọ̀ òun. Bó ti wù kó rí, Flagler na ojú irin rẹ̀ wá síbí, ó dé ní 1896, ọdún yẹn náà ni Miami di ìlú lábẹ́ òfin.

Rélùwéè yẹn kò mú èèyàn wá nìkan. Ó tún kó ọ́kíìdì lọ. Nígbà yẹn, ọ́kíìdì igbó pọ̀ lórí igi ní gúúsù Fulọ́rídà, wọ́n ń já wọn, wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú irin lọ tà ní àríwá, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ jókòó síwájú yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín mọ ohun tí Fairchild Tropical Botanic Garden ní Coral Gables ń ṣe nípa rẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Million Orchid Project. Irúgbìn ọ́kíìdì kéré ju kí ojú rí ẹyọ rẹ̀ dáadáa lọ. Inú ìgò ni wọ́n ti ń mú un hù, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà wọ́n á wá so ó mọ́ igi ẹ̀bá títì. Ẹ gbé ojú sókè nígbà míì tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ igi ńlá nínú ìlú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, yìnyín funfun bọ́ ní Miami. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, òtútù dé, kò sì tètè lọ: ẹja kú lọ súà, iyùn inú òkun kú, àwọn tó ń gbin òdòdó fojú winá rẹ̀. Ẹ sì ti rí àwọn iguana, alángbá ńlá aláwọ̀ ewé yẹn, tí wọ́n máa ń já bọ́ láti orí igi lọ́jọ́ tí òtútù bá pọ̀. Lọ́jọ́ tí iguana bá ń já bọ́, Phalaenopsis tó wà níta ti wà nínú ewu láti àná.

Òtútù yìí, láti Kánádà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, ó sì sábà máa ń wá ní ìpele méjì. Alẹ́ àkọ́kọ́, atẹ́gùn ni. Á máa fẹ́ fùù láti àríwá, á máa ti ìkòkò ṣubú, kálukú á sì mọ̀ pé nǹkan ti dé. Alẹ́ kejì, atẹ́gùn á dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ìràwọ̀ á máa tàn yinrin. Àwọn èèyàn á ní ó ti lọ. Alẹ́ yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ àti ewé ń gba ooru oòrùn. Lóru, wọ́n á máa tú u padà sókè. Bí ìkúukùu bá wà, á dá díẹ̀ nínú ooru náà padà sísàlẹ̀. Bí kò bá sí ìkúukùu, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Bí atẹ́gùn kò bá sì fẹ́, kò sí ohun tó máa pò ó pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè. Ewé tó dojú kọ ọ̀run gbayawu lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìyẹn ni pé tẹmómítà tó wà lára ògiri lè máa sọ 40, kí ewé Vanda yín ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú tó tutù jù kì í ṣe ọ̀gànjọ́, ìdájí ni, ní kété tí oòrùn fẹ́ yọ. Ẹni tó bá wò ó ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó ní kò burú, tó sì lọ sùn, kò tíì rí nǹkan kan.

Ibi tí ilé yín wà tún ṣe pàtàkì. Òkun ń mú kí etí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà Miami Beach kì í tutù bí Homestead. Ní irú alẹ́ kejì tí mo sọ yìí, kí dígírì mẹ́wàá wà láàárín wọn kì í ṣe ohun ìyanu. Ìwọ̀n tí wọ́n bá kà fún pápákọ̀ òfuurufú lórí tẹlifíṣọ̀n, ti pápákọ̀ òfuurufú ni, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé yín.

Ohun tí òtútù ń ṣe nínú ewé

Ọ̀pọ̀ rò pé bí omi kò bá tíì di yìnyín, ọ́kíìdì kò tíì sí nínú ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ewé kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, awọ fẹ́lẹ́ tó ní ọ̀rá nínú ló sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Ẹ rántí epo pupa nínú ìgò nílé nígbà ọyẹ́, bó ṣe máa ń dì tí kò ní í ṣeé dà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá inú awọ yẹn ṣe ń le bí òtútù bá mú ewéko ilẹ̀ olóoru, láìtíì dé ibi tí omi ti ń dì. Awọ tó ti le kò lè di ohun inú rẹ̀ mú mọ́. Omi á máa jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á wó, ibi tó wó á wá rì sínú lójú ewé, á di àmì tó jìn, tó kọ́kọ́ yẹ́lò, tó wá dúdú.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé àmì yìí kì í yọ lọ́jọ́ kejì. Lára Phalaenopsis, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, ewé tó ṣì kéré nígbà tí òtútù dé ló sì máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Ní àsìkò yẹn, onílé á ti gbàgbé alẹ́ òtútù. Á ní kòkòrò ni, á lọ ra oògùn, á máa fín in. Àwọn ọmọ òdòdó tí kò tíì là nìkan ló ń tètè sọ̀rọ̀: láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì já bọ́.

Bí ó bá wá lọ sí ìsàlẹ̀ 32 tí omi inú ewé fi dì, ti ìyẹn yàtọ̀. Ewé á rí bí ohun tí wọ́n bọ̀, á mọ́ gaara, kó tó rọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó bá ti dé bẹ́ẹ̀ kò ní padà.

Iṣẹ́ ọ̀sán

Ẹ ra tẹmómítà tó ń rántí ìwọ̀n tó kéré jù tó dé lóru. Kò wọ́n. Ẹ gbé e kọ́ sí àárín àwọn òdòdó gan-an, ní ibi tí ewé wọn ga dé, kì í ṣe sára ògiri, nítorí ògiri ń tọ́jú ooru. Bí ẹ bá fi wéra pẹ̀lú ti tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó mọ iye tí ọgbà tiyín fi ń dín. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ kò ní máa fi àbá ṣe é mọ́.

Láti ìparí oṣù kẹwàá, ẹ dín ajílẹ̀ tó ní naitirójìn púpọ̀ kù. Ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni òtútù ń kọ́kọ́ mú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde òtútù, òwúrọ̀ ni kí ẹ bomi rin. Ọ́kíìdì tí òǹgbẹ ń gbẹ kò ní agbára láti fara da òru. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ewé gbọ́dọ̀ ti gbẹ, pàápàá àárín ibi tí ewé Phalaenopsis ti pàdé, torí omi tó bá sùn síbẹ̀ nínú òtútù ló ń mú jíjẹrà wá. Ilẹ̀ abẹ́ wọn ni kí ẹ jẹ́ kó tutù fún omi, torí ilẹ̀ tó rin ń tọ́jú ooru ju èyí tó gbẹ lọ.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọlé. Phalaenopsis, Vanda àti àwọn Dendrobium tó ń wọ́ ewé ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹ yẹ abẹ́ ìkòkò wò fún èèrà àti ìgbín. Nínú ilé, ẹ má gbé wọn kọjú sí ibi tí ẹ̀rọ amóoru ti ń fẹ́ ooru jáde, ìyẹn á mú wọn gbẹ hán-ún hán-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ewé kan gíláàsì fèrèsé. Fún Vanda inú apẹ̀rẹ̀ tí kò ṣeé gbé kalẹ̀, mo máa ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ dábùú orí àga méjì nínú gáréèjì, tí màá so wọ́n kọ́ sí i ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí gbòǹgbò wọn á máa fì láìkan ilẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, méje lè dúró lórí ọ̀pá kan.

Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ igi ńkọ́? Kò ṣeé ká. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí igi yẹn bá léwé dáadáa, ó ti gba ìdajì iṣẹ́ náà ṣe, torí ewé igi wà láàárín ọ́kíìdì àti ojú ọ̀run. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbà yín níyànjú pé abẹ́ ìbòòji igi ni kí ẹ máa so wọ́n sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìyókù, aṣọ ni. Aṣọ ìbùsùn tàbí ìró ògbólógbòó tí ẹ kò ró mọ́ dára ju ọ̀rá lọ, nítorí ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé ni òtútù á ti mú un. Bó bá jẹ́ ìkòkò ni ẹ fẹ́ bò níta, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà dé ilẹ̀ yíká. Ooru tó ń bọ̀ láti inú ilẹ̀ ni aṣọ ń ká mọ́ abẹ́ rẹ̀, aṣọ tí a kàn dé e lórí láìkan ilẹ̀ kò rí nǹkan kan ká. Bí oòrùn bá ti yọ tí ìwọ̀n sì ti gòkè, kí ẹ ká a kúrò.

Àwọn gílóòbù Kérésìmesì àtijọ́, tó máa ń gbóná lọ́wọ́, wúlò lábẹ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, LED, kò ní ooru tó tó nǹkan, ẹwà nìkan ló lè ṣe. Kí gílóòbù má kan aṣọ, kí wáyà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìta. Fáànù náà ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́: á po afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè mọ́ ti ìsàlẹ̀.

Ẹ ó rí i pé àwọn àgbẹ̀ òdòdó ní Redland àti Homestead máa ń ṣí omi sí oko wọn lóru òtútù, ẹ ó sì ní, ṣé ẹni yìí kò ti ní kí a jẹ́ kí ewé gbẹ? Omi tiwọn yàtọ̀. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ó sì máa ń wà ní nǹkan bí 75 ní gbogbo ọdún. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń dà sí oko. Bí ó bá tilẹ̀ wá di yìnyín, omi tó ń dì a máa tú ooru sílẹ̀ bó ti ń dì, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ewé abẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 32. Ṣùgbọ́n omi náà kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí yìnyín á fi yọ́ tán láàárọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú ní aago mẹ́rin ìdájí, ọ̀ràn á burú ju ká ní wọn kò bẹ̀rẹ̀ lọ, ìwúwo yìnyín nìkan sì tó láti ṣẹ́ ẹ̀ka. Iṣẹ́ ẹni tó ní kànga àti ẹ̀rọ ni. Kí a má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú okùn omi ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ iná

Mo fẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má gbé iná gáàsì tàbí ẹ́dú wọ ilé tàbí gáréèjì tí a tì pa, nítorí òdòdó tàbí nítorí ara yín. Iná tí kò jó dáadáa ń tú èéfín kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, á sì pa odindi ìdílé lójú oorun. Nígbà tí òtútù líle dé Texas ní oṣù kejì ọdún 2021 tí iná mànàmáná lọ, àwọn èèyàn kú báyìí ní Houston, níbi tí àwọn ẹbí wa pọ̀ sí. Wọ́n ń wá ooru ni. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tí kò wá síbí lónìí. Fún ilé ọ̀gbìn, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo gáàsì, ẹ fi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, torí iná tí kò jó tán tún ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tílíìnì jáde, ìyẹn ló ń mú kí ọmọ òdòdó gbọn dànù. Ẹ̀rọ amóoru oníná mànàmáná ló sàn jù, kí ó jìnnà sí aṣọ àti omi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Bí òtútù bá mú un náà, ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan kó lè yára gbóná. Ìbòòji ló yẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má bomi rin in títí ẹ ó fi rí i pé ó ń gbẹ. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ pé kó lè lágbára, torí gbòǹgbò tó fara gbọgbẹ́ kò lè lò ó.

Ẹ má sì tètè mú ọ̀bẹ. Ewé tó ní àmì ṣùgbọ́n tó ṣì le ń bọ́ ọ́kíìdì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ tó ń ṣomi ni kí ẹ gé kíákíá, torí àrùn jíjẹrà á gbabẹ̀ wọlé, ó sì lè dé àárín ọ́kíìdì náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi iná sun ẹnu ọ̀bẹ láàárín ìkòkò kan sí èkejì, kí ẹ má bàa gbé àrùn láti ara ọ̀kan sí òmíràn. Ìyẹ̀fùn sínámọ́nì lójú ibi tí a gé ń jẹ́ kó gbẹ, ṣùgbọ́n kí ó má kan gbòǹgbò, torí á mú ìyẹn náà gbẹ.

Bí gbogbo ewé bá tilẹ̀ re lára Cattleya tàbí Dendrobium, ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. Bí ó bá ṣì le, tó tutù lára bí ti tẹ́lẹ̀, ó ṣì wà láàyè. Ojú kékeré kan wà nídìí ọ̀pá yẹn, ó tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tí òru bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wò ó lójoojúmọ́: á wú, á sì yọ ewé tútù. Mo ti rí èyí tí wọ́n jù síta fún akódọ̀tí tó padà sọjí, tó sì tanná. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di oṣù karùn-ún kí ẹ tó sọ pé ó ti kú.



    

Tẹmómítà tí ìgbìmọ̀ rà fún ilé kọ̀ọ̀kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí ẹ mú tiyín kí ẹ tó lọ síbi oúnjẹ. Ẹni tó bá mú òdòdó tó ń ṣàìsàn wá, mo wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́.